Ẹ bèèrè òdo kí ẹ tó kọ iye odò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ìgbàkígbà tí òjò bá ti pọ̀, gbólóhùn kan wà tí kì í ṣàì jáde nínú ìwé ìròyìn, lórí rédíò àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì: "Odò ti ga dé mítà 6." Ó dún bí ọ̀rọ̀ tó pé, ṣùgbọ́n àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ wíwọn odò mọ̀ pé ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Mítà 6 láti ibo? Omi tó tó mélòó ló ń kọjá nígbà tó ga bẹ́ẹ̀? Ìgbà wo ni ènìyàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀ gbẹ̀yìn láti wọn ìyára omi náà? Bí ìròyìn kò bá dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí, ẹni tó kà á kò tíì mọ nǹkan kan nípa odò ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ ká mú ti àkọ́kọ́. Géèjì tó wọ́pọ̀ jù lọ kò ju pátákó irin tí wọ́n fa ìlà sẹ̀ǹtímítà sí lára, tí wọ́n sì kàn mọ́ òpó tàbí mọ́ ẹsẹ̀ afárá. Ìsàlẹ̀ pátákó yẹn ni òdo wà, ìyẹn ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka gíga. Òdo yìí kì í ṣe ilẹ̀ odò, kì í sì í ṣe ojú òkun. Ibi tí ẹni tó gbé géèjì kalẹ̀ yàn ni, ó sì sábà máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ibi tí omi lè fà dé nígbà ọ̀dá tó le jù lọ, kí wọ́n má baà máa kọ iye tó wà lábẹ́ òdo. Nítorí náà, mítà 6 lára géèjì kan lè jẹ́ omi tó ti wọ ilé onílé, kí mítà 6 lára òmíràn jẹ́ omi tó ṣì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. A kò lè fi méjèèjì wéra. Ohun tó wúlò fún ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí omi ni kí ìròyìn sọ iye sẹ̀ǹtímítà tó kù kí omi tó gun bèbè ní ibi géèjì yẹn gan-an, àti bóyá omi ṣì ń gòkè tàbí ó ti ń fà.

Wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Géèjì tó bá gbàgbé òdo rẹ̀, irọ́ ni yóò máa pa, irọ́ tó sì ní ìlà sẹ̀ǹtímítà lára kì í tètè hàn. Òpó máa ń rì. Ìtì igi tí àgbàrá gbé wá máa ń gbá a. Ẹni tó tún pátákó kàn lẹ́yìn ẹ̀kún omi lè fi sẹ̀ǹtímítà 4 ṣì í, kó sì lọ sílé rẹ̀. Ìdí nìyí tí àmì gíga mẹ́ta, ó kéré tán, fi gbọ́dọ̀ wà nítòsí géèjì kọ̀ọ̀kan: ìṣó idẹ tí wọ́n rì sínú kọnkéré tàbí sínú àpáta, níbi tí omi kò lè dé, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má sì ṣe wà lórí ohun kan náà. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan tó sì yẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Bí ó bá jẹ́ méjì tí wọn kò bára mu mọ́, a kò ní mọ èyí tó yẹ̀. Lọ́dọọdún, àti lẹ́yìn ẹ̀kún omi ńlá èyíkéyìí, kí sọ̀fẹ́yọ̀ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá, kó fi àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ òdo géèjì wò, kó sì kọ ohun tó bá rí sílẹ̀, kódà bí nǹkan kan kò bá yẹ̀.

Gíga ló rọrùn láti kà. Àwọn ará Íjíbítì ti ń kà á lára òkúta láti ayébáyé. Òpó ìwọ̀n odò Náílì tó wà ní erékùṣù Roda ní Cairo ti wà láti ọdún 861. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kọ́ afárá, ẹni tó fẹ́ fa omi sí oko, ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn ìsédò, iye omi tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni wọ́n ń wá. Kúbíìkì mítà la fi ń kà á, ìyẹn àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì jìn ní mítà kan. Lítà 1,000 ló ń gbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí gíga bá di ìlọ́po méjì, omi náà ti di ìlọ́po méjì nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ wo ìsédò pélébé tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀ bíi lẹ́tà V, tí igun rẹ̀ jẹ́ dígírì 90, tí wọ́n máa ń lò ní odò kékeré. Bí omi bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 lókè ṣóńṣó ìsàlẹ̀ V náà, nǹkan bíi lítà 4.4 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ó bá ga dé sẹ̀ǹtímítà 20, ó ti di nǹkan bíi lítà 24.7. Gíga lọ́po méjì, omi lé ní ìlọ́po márùn-ún àbọ̀.

Odò gidi kò ní ẹnu V tó mọ́ tónítóní. Kò sí ìṣirò inú ìwé tó lè sọ iye omi rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, àfi kí ènìyàn lọ wọ̀n ọ́n. Nígbà tí U.S. Geological Survey, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ àti omi, gbé géèjì àkọ́kọ́ rẹ̀ kalẹ̀ ní Embudo, létí odò Rio Grande ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1889, kíkọ́ ọwọ́ ní wíwọn omi tó ń ṣàn wà lára ohun tó gbé wọn lọ síbẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ ti yí padà gan-an; ọgbọ́n inú iṣẹ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A ó wá ibi tí odò ti tọ́, tí omi kò ti ń yí po, tí koríko àti àpáta ńlá kò sí. A ó na téèpù dábùú odò láti bèbè kan dé èkejì. A ó wá pín fífẹ̀ rẹ̀ sí nǹkan bí ọ̀nà 20 sí 30. Kò pọn dandan kí gbogbo ìpín fẹ̀ dọ́gba: níbi tí omi ti jìn tó sì ń sáré, kí àwọn ìlà sún mọ́ra, débi pé ìpín kankan kò ní gbé ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo omi náà lọ, kó má sì kọjá ìdá 10 rárá. Ní ojú ìlà kọ̀ọ̀kan, a ó fi ọ̀pá wọn jíjìn omi, a ó sì ki ẹ̀rọ alábẹ̀bẹ̀ tí omi ń yí bọ inú rẹ̀. Omi tó wà lókè máa ń sáré ju ti ìsàlẹ̀ lọ, torí pé ilẹ̀ odò ń fà á sẹ́yìn. Nítorí náà, ibi tí a bá gbé ẹ̀rọ sí kì í ṣe ọ̀rọ̀ bó ṣe wu kálukú. Níbi tí omi kò bá jìn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 75, ìdá 6 nínú 10 jíjìn rẹ̀ láti ojú omi la ń gbé e sí, nítorí ìyára ibẹ̀ sún mọ́ ìpíndọ́gba. Níbi tó bá jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ní ìdá 2 àti ní ìdá 8 nínú 10, a ó sì pín àròpọ̀ wọn sí méjì. Kí ẹ̀rọ pẹ́ tó ìṣẹ́jú-àáyá 40 lójú kan, ó kéré tán. Omi odò máa ń mí bí ènìyàn. Ẹni tó bá ka ìṣẹ́jú-àáyá 10 péré lè jẹ́ pé ìgbà tó mí sókè nìkan ló bá.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ìpín kan tó fẹ̀ ní mítà 0.5, tó jìn ní mítà 0.8, tí ìyára rẹ̀ jẹ́ mítà 0.4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan: ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀, kúbíìkì mítà 0.16 ni, ìyẹn lítà 160 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ìpín, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kí a ka gíga lára géèjì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a tún kà á lẹ́yìn tó bá parí, torí iye omi tí a kò mọ gíga tó bá a rìn kò wúlò fún ohunkóhun. Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ti máa ń ṣì í jù ni ẹsẹ̀ ara wọn: ẹni tó bá dúró sí òkè ẹ̀rọ ti dí omi tó fẹ́ wọ̀n. Ẹ̀gbẹ́, lápá ìsàlẹ̀ odò, ni kó dúró, kó na ọwọ́ rẹ̀ jìnnà sí ara. Kí ó sì tó wọ omi, kó fi jíjìn omi ní mítà sọ ìyára rẹ̀ ní mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan di púpọ̀. Bí èsì bá ti ń sún mọ́ 1, kó má wọ̀ ọ́. Omi tó bá dé orúnkún lásán ti gbé alágbára lọ rí.

Odò tí ẹsẹ̀ kò lè wọ̀, láti orí afárá la ti ń wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí a so mọ́ wáyà tó ní òjé ńlá nídìí, tàbí kí a fi ọkọ̀ ojú omi fa ẹ̀rọ ADCP dábùú rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ń rán ohùn tí etí kò lè gbọ́ sínú omi, ó sì ń fi bí ohùn ṣe ń yí padà lára ìdọ̀tí wínníwínní tó bá omi rìn mọ ìyára omi náà. Ó yára, ó sì dára, àmọ́ ó ní ẹ̀tàn kan. Ó gbà pé ilẹ̀ odò dúró sójú kan, ó sì ń fi ilẹ̀ mọ bí ọkọ̀ ṣe ń rìn. Nígbà ẹ̀kún omi, yanrìn ilẹ̀ odò náà ń rìn, ẹ̀rọ á rò pé ọkọ̀ ló ń lọ sí òkè odò, iye omi tó máa mú wá á sì kéré ju èyí tó wà níbẹ̀ lọ. Àyàfi tí a bá fi GPS tì í lẹ́yìn, tàbí tí a kọ́kọ́ dá ọkọ̀ dúró sójú kan láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ ń rìn. Bí kò bá sí ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́, a lè ju igi tó ń léfòó sójú omi, ká ka ìṣẹ́jú-àáyá tó fi rin ìrìn tí a ti wọ̀n sílẹ̀, ká sì fi 0.85 sọ ìyára rẹ̀ di púpọ̀, torí ojú omi ń sáré ju ikùn rẹ̀ lọ. Ìwọ̀n gbàǹgbà ni, ṣùgbọ́n ó sàn ju kéèyàn fi ojú dá a lọ.

Ibi tí owó àti làálàá wà gan-an la dé yìí. Kò sí ẹni tó lè máa wọ odò ní gbogbo ìṣẹ́jú 15. Nítorí náà, a ó wọn iye omi nígbà tó kéré, nígbà tó pọ̀ díẹ̀, nígbà tó kún, bíi ìgbà 10 sí 15 láti fi bẹ̀rẹ̀, a ó wá fi gíga àti iye omi ìgbà kọ̀ọ̀kan ya ìlà kan. Ìlà yìí, tí a ó pè ní ìlà àfiwé, ló ń yí gíga tí ẹ̀rọ kà padà sí iye omi. Gbogbo iye omi tí ẹ ń rí lójú íntánẹ́ẹ̀tì, láti ara rẹ̀ ló ti wá. Kò sí ẹ̀rọ kankan nínú odò tó rí i ní tààrà, yàtọ̀ sí àwọn géèjì díẹ̀ tó ní ẹ̀rọ ìyára tiwọn.

Odò kì í sì í dúró de ìlà tí a yà. Ẹ jẹ́ ká fi iye tí a fọwọ́ ara wa dá ṣe àpẹẹrẹ. Odò kan wà tí omi rẹ̀ kì í ṣàn mọ́ bí ó bá fà dé mítà 0.40 lára géèjì. Ìlà rẹ̀ sọ pé: ẹ yọ 0.40 nínú gíga, ẹ fi èyí tó kù sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ tún fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí gíga bá jẹ́ mítà 0.90, kúbíìkì mítà 1.25 ló ń kọjá. Yanrìn tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10 wá jókòó sórí àpáta tó ń dá omi dúró lápá ìsàlẹ̀ géèjì. Omi kò ní ṣàn mọ́ bí ó bá fà dé 0.50 báyìí. Ní mítà 0.90 kan náà, kúbíìkì mítà 0.80 péré ló ń kọjá, ìlà àtijọ́ sì ṣì ń sọ 1.25. Ó ti fi ohun tó lé ní ìdajì kún un. Lákòókò ẹ̀kún omi, ní mítà 3.40, ìlà àtijọ́ á sọ 45, òtítọ́ á jẹ́ nǹkan bíi 42. Ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: ìgbà ọ̀dá, tí àwọn ènìyàn ń bá ara wọn jà lórí ìwọ̀nba omi tó kù, ni yanrìn kékeré máa ń ba iye omi jẹ́ jù. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀gá iléeṣẹ́ sì máa ń sọ pé kò sí ìdí láti lọ sí odò, nítorí odò kò kún.

Koríko tó hù nínú omi máa ń gbé gíga sókè láìjẹ́ pé omi pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtì igi tó há sábẹ́ afárá, tàbí odò mìíràn tó kún níwájú tó sì dí omi lọ́nà. Ní odò tó tẹ́jú, gíga kan náà a máa gbé omi púpọ̀ nígbà tí ẹ̀kún ń bọ̀ ju ìgbà tó ń padà lọ. Gbogbo ìwọ̀nyí ló fà á tí a kì í fi fi ìlà sílẹ̀ láìwò. Bíi ìgbà 6 sí 8 lọ́dún ló yẹ kí òṣìṣẹ́ tún lọ wọn odò. Bí iye tó bá rí bá yàtọ̀ sí ti ìlà ju bí ọwọ́ ṣe lè ṣì lọ, kó tún un wọ̀n lójú ẹsẹ̀, kó má dúró dìgbà tó bá dé ọ́fíìsì. Bí méjèèjì bá fẹnu kò, odò ló ti yí padà, ìlà ló sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà lórí òkè ìlà. Ẹ̀kún tó ga jù kì í sábà bá òṣìṣẹ́ létí odò. Òru ló ń wá, tàbí kó ti gé ọ̀nà. Wọ́n á wá fa ìlà gùn kọjá ibi tí wọ́n wọ̀n dé. Bí iye omi tí wọ́n kéde bá ti ju ìlọ́po méjì èyí tó pọ̀ jù tí ẹnikẹ́ni wọ̀n rí níbẹ̀, àbá ni kí ẹ pè é nínú ìròyìn yín.

Ní ti àwọn ẹ̀rọ tó ń ka gíga fúnra wọn, a kò ní pẹ́ lórí wọn, torí ibẹ̀ ni àwọn tó ń tà wọ́n máa ń pẹ́ sí. Kànga ìdákẹ́ tó ní ohun léfòó nínú dára, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ máa ń dí páìpù tó so ó pọ̀ mọ́ odò. Ẹ óò mọ̀ bí ìlà gíga rẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ nígbà tí òjò ń rọ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó ń jókòó sínú omi ń mọ bí omi tó wà lórí rẹ̀ ṣe wúwo tó. Ó ní ihò tín-ín-rín nínú wáyà rẹ̀ tó ń bá afẹ́fẹ́ òkè sọ̀rọ̀. Bí ìrì bá wọ ihò yẹn, gíga á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ẹ máa pààrọ̀ oògùn afàrì tó wà lẹ́nu rẹ̀ kó tó yí àwọ̀ tán. Èyí tí kò ní ihò nílò ẹ̀rọ tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí pé hectopascal 1, ìwọ̀n tí a fi ń ka ìwúwo afẹ́fẹ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 1 omi. Rédà tó so rọ̀ lára afárá kò fara kan omi, ìdọ̀tí kò sì lè gbé e lọ. Òwú aláǹtakùn àti igi tó há sábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Bátìrì 12 V àti pánẹ́ẹ̀lì sólà ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, ìdọ̀tí ẹyẹ lórí pánẹ́ẹ̀lì sì ti dá géèjì púpọ̀ dúró ju mànàmáná lọ. Èyíkéyìí tí wọ́n bá rà, kí pátákó tó ṣeé fojú kà má ṣe kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ni adájọ́.

Géèjì kan ṣoṣo kò sì lè dá ọ̀rọ̀ odò sọ. WMO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ àti omi, dá a lábàá pé ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, kí géèjì ìṣàn kan má ṣe gbọ́ ti ilẹ̀ tó ju kìlómítà 1,875 níbùú lóòró lọ, kó má ju 1,000 lọ lórí òkè, àti 300 ní erékùṣù kékeré. Iye géèjì tó kéré jù tó yẹ kó wà nìyẹn, kì í ṣe iye tó tó. Ibi tí a bá sì gbé wọn sí ṣe kókó ju iye wọn lọ. Kí ọ̀kan wà lórí odò ńlá ṣáájú ibi tí odò kékeré ti wọ inú rẹ̀, kí ọ̀kan wà lórí odò kékeré náà, níbi tí odò ńlá kò ti lè ti omi rẹ̀ padà, kí ẹ̀kẹta wà nísàlẹ̀ ibi ìpàdé wọn. Bí a bá ro méjì àkọ́kọ́ pọ̀, ó yẹ kó sún mọ́ ẹ̀kẹta, nígbà tí a bá ti yọ̀ǹda wákàtí tí omi fi rìn. Bí kò bá sún mọ́ ọn, géèjì kan ń purọ́, tàbí ẹnì kan ń fa omi lọ. Wákàtí ìrìn yẹn kan náà ni ìkìlọ̀ ẹ̀kún omi ń lò: bí ṣóńṣó ẹ̀kún bá gba wákàtí 9 láti géèjì òkè dé ìlú tó wà nísàlẹ̀, wákàtí 9 ni àwọn ará ìlú náà ní, bí bátìrì òkè kò bá kú.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí yín ò pọ̀, Olóòtú. Nígbà tí àwọn akọ̀ròyìn yín bá lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣí géèjì tuntun, kí wọ́n bèèrè iye owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọkọ̀, epo àti òṣìṣẹ́ tí yóò máa lọ wọn odò náà ní ọdún kejì àti ọdún kẹta, kì í ṣe iye tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ nìkan. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ tẹ gíga odò jáde, ẹ kọ orúkọ géèjì, aago tí wọ́n kà á, gíga bèbè níbẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n wọn ìṣàn rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìlà kan péré ni yóò gbà nínú ìwé yín.

Àwa ni tiyín,
Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wọn odò